Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: BÍ BÀBÁ BÁ PÈ WÁ NÍ OLÈ

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè lẹ́ẹ̀mejì:

ọpọlọ: ohun rírọ̀ tí ó wà nínú agbárí; òun ni a fi ń rántí, tí a fi ń ronú, tí a fi ń darí gbogbo ara.
sẹ́ẹ̀lì: àwọn hóró kéékèèké tí a fi mọ ara wa, ojú lásán kò lè rí wọn.
ìfura: kí ènìyàn máa rò pé ẹlòmíràn ń ṣe òun ní ibi.
ṣarán: kí àgbàlagbà máa sọ̀rọ̀ tàbí kí ó máa hùwà bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa

A ti ka ẹ̀kọ́ lórí ibà, lórí omi kànga àti lórí ìtọ́jú aboyún. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń fi aṣọ bò. Kò jìnnà sí wa. Ilé tiwa gan-an ni a ó ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá tí ó bí wa, ní abúlé kan lọ́nà Àkànràn. Kò lọ sí iléèwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí òṣùwọ̀n. Ó mọ iye àpò tí ó tà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó, ó sì mọ ọjọ́ tí onítọ̀hún dá. Nígbà tí ó lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, a ṣàkíyèsí pé ó máa ń bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí oúnjẹ tó jinná. A rẹ́rìn-ín, a ní, "Bàbá ti ń darúgbó."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá figbe ta pé wọ́n ti jí owó kòkó òun. Ta ni ó jí i? Ó nawọ́ sí ìyàwó àbúrò wa, obìnrin tí ó ń se oúnjẹ fún un, tí ó ń gbé omi ìwẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyàwó yìí ni! Mo rí i tí ó ń yọ́ wọ yàrá mi!" Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá, n ò mú nǹkan yín o." Bàbá kò gbọ́. Ó ń ro ó fún gbogbo ẹni tí ó bá kọjá lójúde. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó tún ní obìnrin náà ń fi nǹkan sí ọbẹ̀ òun, kò sì fẹ́ jẹun rẹ̀ mọ́.

A pe ìpàdé ẹbí. Àwọn kan ní kí ìyàwó fi ẹnu kan irin, kí ó búra. Àwọn mìíràn ní bàbá kò purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí láti ìgbà èwe rẹ̀, pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ìpàdé tó tú, ìyàwó ti di ẹrù, ó ti pọn ọmọ, ó ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ẹ̀rúnmu.

Ó tó oṣù kan kí a tó rí owó náà. Inú àpò èlùbọ́ ni ó wà, nínú ọ̀rá, bí bàbá fúnra rẹ̀ ṣe wé e. Inú wa dùn, a gbé e tọ̀ ọ́ lọ, a rò pé ọ̀rọ̀ parí. Bàbá wo owó náà, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà á, ló fi dá a padà."

Ọjọ́ náà ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

2. Àṣìṣe tiwa

Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wá nígbà náà. Iṣẹ́ tí tíṣà mọ̀ ni kí ó rí àṣìṣe, kí ó sì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe sí bàbá. Bí ó bá ní ọjọ́ Ajé ni òní, a ó ní, "Rárá o, bàbá, Ọjọ́rú ni." Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ó di aṣọ rẹ̀ pọ̀, tí ó ní òun ń lọ sílé, a ó ní, "Bàbá, ilé yín nìyí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ." Bí ó bá béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ti kú, ó ti pé ogún ọdún." Bàbá á bú sẹ́kún, bí ẹni pé ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì á tún béèrè, àwa náà á tún túfọ̀. Nígbà mìíràn a máa ń jágbe mọ́ ọn. Ojú ń tì wá láti kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn yóò tún ṣe é.

Ìyá nọ́ọ̀sì kan ni ó là wá lójú. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ọmọ iléèwé bá ṣi ìṣirò, ẹ lè kọ́ ọ, torí pé pátákó wà níbẹ̀ tí ẹ lè kọ nǹkan sí. Pátákó bàbá gan-an ló ń fọ́. Ẹ má kọ́ wọn mọ́. Ẹ máa tọ́jú wọn." Ó ní kí a gbé bàbá lọ rí dókítà. Ohun tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, àti ohun tí a kà lẹ́yìn náà, ni a fẹ́ fi kọ́ yín.

3. Ọpọlọ dàbí ìlú

Ẹ wo ìlú Ìbàdàn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń wá aṣọ òfì, Òjé ni yóò lọ. Ẹni tí ó ń wá báńkì, yóò gba Dùgbẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba, yóò lọ sí Agodi. Ọ̀nà àti afárá ni ó so gbogbo wọn pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ rí. Apá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, nínú, ní ọ̀gangan etí. Òun ni ó ń gba ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ sílẹ̀. Apá kan wà ní ìpàkọ́ tí ó ń túmọ̀ ohun tí ojú rí. Apá kan wà lẹ́yìn iwájú orí tí ó dàbí adájọ́: òun ni ó ń sọ fún wa pé "Dúró ná, rò ó wò," òun náà ni ó ń jẹ́ kí ojú máa tini. Ẹyọ kékeré kan sì wà nínú lọ́hùn-ún tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lu agogo ìbẹ̀rù bí ewu bá dé.

Sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ iṣẹ́ nínú ọpọlọ ènìyàn kan tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Oríṣìíríṣìí oje ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, tàbí bí oje bá gbẹ, iṣẹ́ kò ní dé ibi tí a rán an.

Àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ní gbàgbé Omíyalé, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya. Ibi tí omi kọ́kọ́ dé ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí afárá bá sì já, ẹni tí ilé tirẹ̀ kò wó pàápàá kò ní rí ọ̀nà gbà. Àrùn tí ń jẹ ọpọlọ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi pé tirẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọdún lórí ọdún ni ó fi ń yọ́ wọlé láti àdúgbò kan sí èkejì. Ìwà tí aláìsàn ń hù ni ó máa ń jẹ́ kí dókítà mọ àdúgbò tí omi ti dé.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìrántí nìkan kọ́ ni ọpọlọ ń ṣe. Ìfọkàntán, ìtìjú, sùúrù, ìgboyà, àti ojú tí a fi ń wo ọmọnìkejì, inú ọpọlọ ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Bí àrùn bá lè ba ẹsẹ̀ jẹ́ tí ènìyàn fi ń tiro, àrùn lè ba apá ìfọkàntán jẹ́ tí ènìyàn yóò fi máa fura.

4. Báwo ni bàbá ṣe rí olè tí kò sí?

Àrùn tí ó mú bàbá wa ni wọ́n ń pè ní àrùn Alzheimer. Orúkọ dókítà ará Jámánì kan ni, Alois Alzheimer. Ní ọdún 1901, ní ìlú Frankfurt, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 51 kan wá sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ọkọ obìnrin náà kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ kì í ṣe ìgbàgbé. Òjòwú ni. Ṣàdédé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí obìnrin mìíràn. Kò pẹ́ kò jìnnà, iyè rẹ̀ ń ra, ó ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn, ó ń fi nǹkan pamọ́, ó sì ń rò nígbà mìíràn pé wọ́n fẹ́ pa òun. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1906, Alzheimer fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ọpọlọ rẹ̀. Ó rí i pé ọpọlọ náà ti sún kì. Ohun kan bí ìdọ̀tí ti dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ohun kan bí okùn sì ti lọ́ pọ̀ nínú wọn. Ẹ ò rí i pé láti ara aláìsàn àkọ́kọ́ ni ìfura ti jẹ́ apá kan àrùn yìí.

Ẹ jẹ́ kí á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí bàbá wa. Ó fi owó rẹ̀ pamọ́ sínú àpò èlùbọ́. Apá tí ó yẹ kí ó gbà á sílẹ̀ kò gbà á sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nígbà tí ó dé ibi àpótí, owó kò sí níbẹ̀. Agogo ìbẹ̀rù lù. Lára ẹni tí ara rẹ̀ yá, adájọ́ iwájú orí ì bá sọ pé, "Bóyá ìwọ fúnra rẹ lo gbé e síbòmíràn." Ṣùgbọ́n adájọ́ ti ń tòògbé. Ọpọlọ kì í sì í fẹ́ kí ihò wà nínú ìtàn. Ohun tí ó bá wà nítòsí ni yóò fi dí i. Ta ni ó wà nítòsí? Ìyàwó tí ó ń wọ yàrá lójoojúmọ́ láti gbálẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣìkẹ́ aláìsàn jù ni ẹ̀sùn máa ń bá jù. Bàbá kò purọ́. Òpùrọ́ mọ òtítọ́ kí ó tó gbé e pamọ́. Bàbá kò mọ òmíràn yàtọ̀ sí ohun tí ọpọlọ rẹ̀ sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó kò jalè. Àwọn méjèèjì ni òótọ́ wà lẹ́nu wọn, àrùn ni ó wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ "mo fẹ́ lọ sílé" náà nídìí. Ìrántí ìgbà èwe máa ń pẹ́ lára ju ìrántí àná lọ. Ilé tí aláìsàn ń wá ni ilé tí ìyá rẹ̀ wà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ dín kù, tí ara ti rẹ̀ ẹ́, tí aago inú ọpọlọ kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́, ìdààmú rẹ̀ á pọ̀ sí i.

5. Àwọn àrùn mìíràn tí wọ́n jọ ń rìn

Kì í ṣe Alzheimer nìkan ni ó ń jẹ ọpọlọ.

(a) Àrùn tí ń gbọn ọwọ́. Ní ọdún 1817, James Parkinson, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́lẹ̀. Ní ọdún 1912, Friedrich Lewy rí àwọn ẹyọ róbótó nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹyọ wọ̀nyí bá wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ní ibi dúdú kan tí ń ṣe oje tí ń darí ìrìn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le. Bí wọ́n bá tàn dé òkè, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí: ọmọdé tí ó jókòó sí igun ilé, ajá tí ó ń kọjá, àlejò tí kò sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a máa jà, wọn a máa pariwo lójú oorun ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ wọn tó gbọ̀n. Lónìí ojú wọn lè mọ́ kedere, kí ó tún dàrú lọ́la. Àwọn ará ilé á ní òkú ọ̀run ló ń pe bàbá. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Apá tí ń túmọ̀ ohun tí ojú rí ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

(b) Àrùn iwájú orí. Arnold Pick kọ̀wé nípa èyí ní ọdún 1892. Ó sábà máa ń mú ènìyàn kí ó tó pé ẹni ọdún 65. Adájọ́ ni ó kọ́kọ́ ń pa. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọlúàbí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ níwájú àna, á mú ẹran nínú ìkòkò ẹlòmíràn, á bọ́ṣọ lójúde, á máa lá ṣúgà bí ọmọdé, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì ń sunkún, kò ní ka nǹkan kan sí. Síbẹ̀ ó lè rántí gbogbo nǹkan. Nítorí pé ó ń rántí, kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláìsàn. Oníwàkiwà ni wọn yóò pè é.

(d) Ìbànújẹ́ tí kò lọ. Nísàlẹ̀ ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe oje ìtura ọkàn wà. Àrùn máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà àgbàlagbà lè dákẹ́, kí ó má jẹun, kí ó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́, kí ó tó di pé ìgbàgbé tàbí ọwọ́ gbígbọ̀n dé. A kì í sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó tújú ká. Ó yẹ kí dókítà rí i, torí ìbànújẹ́ yìí ní ìtọ́jú.

6. Ṣé àìsàn òyìnbó ni?

Àwọn kan á ní kò sí irú èyí nílẹ̀ wa. Àwọn dókítà wa ti wádìí rẹ̀ láàárín ìgboro Ìbàdàn. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kú ní ọdún 1995, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí èsì wọn jáde ní ọdún 2001, a rí i pé nínú 1,000 àgbàlagbà Yorùbá tí ara wọn yá, bí 13 tàbí 14 ni àìsàn iyè-ríra ń mú lọ́dọọdún. Ní Indianapolis, bí 32 ni. Tiwa kò tó ìdajì tiwọn. Ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kékeré kì í ṣe òfo. Àwọn 13 yẹn, bàbá ẹnìkan ni, ìyá ẹnìkan ni.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí ó yẹ kí á kọ́. Wọn kò bi àgbàlagbà nìkan. Wọ́n tún bi àwọn ará ilé: kí ni ó lè ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́? Ẹ̀rí ará ilé wúlò bí àyẹ̀wò dókítà.

7. Ọ̀rọ̀ àjẹ́

Ní ibi yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ara balẹ̀ kà. Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ó sì ti ba ayé àwọn arúgbó kan jẹ́. Ìyá àgbà tí ó ń rìn kiri lóru, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó ń wo ọmọ títí láìṣẹ́jú, àmì àìsàn ni a kà wọ̀nyí. Kì í ṣe àmì àjẹ́.

Ẹnìkan á ní, "Ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ńkọ́?" Ní ilẹ̀ Ghana, Margaret Field, dókítà obìnrin kan, jókòó sí ìdí ojúbọ ní ìgbèríko, ó ń wo àwọn tí ó ń wá. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1960, ó sọ pé àwọn obìnrin tí ó ń wá jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn, ìbànújẹ́ ọkàn tí ó ti di àìsàn ni ó wà lára wọn. Ọkàn tí ó ń ṣàìsàn máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra náà, bí a bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ tún mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó na ìyá arúgbó nítorí rẹ̀ ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

8. Ohun tí a lè ṣe

Ohun àkọ́kọ́: ẹ béèrè bóyá díẹ̀díẹ̀ ni ó dé tàbí òjijì. Àwọn àrùn tí a ti ń sọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dé, láàárín oṣù àti ọdún. Bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ń sọ kántankàntan lónìí, ẹ má dúró. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àrùn ìtọ̀, àìtó omi lára, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó fẹ́ di ẹ̀gbà, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú orí nígbà tí ó ṣubú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè wò sàn bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Ohun kejì: ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání lọ fún dókítà, pẹ̀lú àgbo. Àwọn oògùn mìíràn máa ń da orí àgbàlagbà rú. Piriton tí a ń mu fún ara yíyún wà lára wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ń ta oògùn gún un ní abẹ́rẹ́ láti mú un dákẹ́. Lára ẹni tí ó ní ẹyọ Lewy nínú ọpọlọ, irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa á.

Ohun kẹta: ẹ má jiyàn. Bí ó bá ní wọ́n jí owó òun, ẹ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí á jọ wá a." Bí ó bá fẹ́ lọ sílé, ẹ bá a rìn yí ká ilé, ẹ bi í léèrè nípa ilé náà, ẹ wá fún un ní nǹkan jẹ. Bí ó bá rí ọmọdé ní igun tí kò bà á lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá bà á lẹ́rù, ẹ tan iná.

Ohun kẹrin: ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1954, ní Arò, Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó fi hàn pé ẹbí jẹ́ apá kan oògùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò àti àwọn ọlọ́kadà mọ̀ pé ara bàbá kò yá, kí wọ́n lè mú un padà wálé bí ó bá ṣìnà.

Ohun karùn-ún: ẹ gba ara yín sílẹ̀. Kí ẹnìkan ṣoṣo má máa ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru. Ẹ pín in láàárín ẹbí.

Títí di òní, kò sí oògùn tí ó lè lé àwọn àrùn wọ̀nyí lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n oògùn wà tí ó lè dín ìdààmú wọn kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní U.C.H. Ìbàdàn, ibi ìtọ́jú kan wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i.

9. Ìwé kíkọ wúlò

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ̀yin gan-an ni dókítà ń wá. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́, àkókò, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, àti ohun tí ó mú un rọlẹ̀. Báyìí ni:

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bàbá ní òun fẹ́ lọ sílé. Iná kò sí, ilé ṣókùnkùn. A tan àtùpà, a fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n jókòó.
Ọjọ́rú, òru. Bàbá kò sùn. Wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ara wọn gbóná.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ kejì. Ẹni tí kò kọ ọ́ lè ní ìṣarán ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ á rí i pé àrùn ìtọ̀ lè wà níbẹ̀.

10. Ìparí ìtàn wa

Àwa àti àwọn àgbà ilé lọ sí Ẹ̀rúnmu. A bẹ ìyàwó àbúrò wa àti àwọn òbí rẹ̀. A ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ, a sì sọ ọ́ tún sọ níwájú gbogbo àwọn tí ó gbọ́ ẹ̀sùn náà lójúde. Ìyàwó padà. Ó ní nítorí bàbá ni òun ṣe padà, kì í ṣe nítorí tiwa, a kò sì rí ẹnu fi dá a lóhùn.

Òun ni ó kọ́ wa ní iṣẹ́ náà. Bí bàbá bá ń wá owó, á bá a wá a, á tú àpótí, á tú àpò, á máa bá a sọ̀rọ̀ kòkó títí bàbá yóò fi gbàgbé ohun tí ó ń wá. Ọdún mẹ́ta ni ó ṣe é. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí bàbá papò dà, kò mọ orúkọ wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá wọlé, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀."

ÌBÉÈRÈ
1. Ibo ni a ti rí owó bàbá? Kí ni bàbá sọ nígbà tí ó rí i?
2. Apá wo nínú ọpọlọ ni ìwé yìí fi wé adájọ́? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?
3. Kí ni ọkọ obìnrin tí Alzheimer tọ́jú kọ́kọ́ rí lára aya rẹ̀?
4. Kí nìdí tí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn fi máa ń jìyà ẹ̀sùn jù?
5. Bí orí àgbàlagbà bá dàrú lójijì, kí ni ó yẹ kí á ṣe?

IṢẸ́ ṢÍṢE
Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa àgbàlagbà kan nílé yín: ohun tí ó lè ṣe tẹ́lẹ̀, àti ohun tí ó lè ṣe nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún ẹnìkan nílé yín tí kò mọ̀wé kà.